Ẹ jẹ́ ká má pè é ní “ìpín”

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín láti Àbújá níbí. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Kúbwá dá a lábàá pé kí a pe GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye owó gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kan ń ṣe jáde lọ́dún kan, ní “àpapọ̀ èso iṣẹ́”, kí a sì pe iye tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá fi iye ènìyàn pín in ní “ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan”. Mo fara mọ́ ti àkọ́kọ́. Èkejì ni n kò lè gbà.

Ohun tó bá dé ọwọ́ ẹni là ń pè ní ìpín. Bí wọ́n bá pín ogún bàbá rẹ tí wọn kò fún ọ ní nǹkan kan, o kò ní ìpín níbẹ̀, iye ọmọ yòówù kí wọ́n kà. Ẹ wá wò ó: lọ́dún 2014, ìjọba tún GDP Nàìjíríà ṣírò. Ọdún 2010 rọ́pò 1990 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpìlẹ̀ (ọdún tí wọ́n ń fi iye owó ọjà rẹ̀ ṣe ìṣirò), wọ́n ka iṣẹ́ fíìmù àti ti tẹlifóònù alágbèéká mọ́ ọn dáadáa, GDP ọdún 2013 sì fò sókè ní nǹkan bí ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di orílẹ̀-èdè tí GDP rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà nígbà náà. “Ìpín” ẹnì kọ̀ọ̀kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ nínú àwọn tó ń fi ìdájí wọkọ̀ láti Mararaba wá síṣẹ́.

“Àbápín” ni mo dá lábàá: iye tí ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ká ní wọ́n pín in. Bí “àbámọ̀” ṣe jẹ́ náà nìyẹn, ohun tí èèyàn ì bá ti mọ̀ tí kò sì mọ̀. Ìyá aláta tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù: kí “ìgbáyégbádùn” dúró fún òṣùwọ̀n tó ń béèrè bóyá èèyàn ní omi, oúnjẹ, ilé ìwé àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè gbé jáde lọ́dún 2022 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Sókótó, 91 ló wà nínú ìṣẹ́ ọlọ́nà púpọ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ṣaláìní ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa pọ̀. Ní Òǹdó, 27. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ “ìṣẹ́” ni. “Òṣì” ti di èébú lẹ́nu wa, kò sì yẹ ẹni tí kò rí omi mu.)

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju àbápín lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá. Kó ṣáà má jẹ́ ìpín.