Ẹ̀yin ará South London, infantry wo ni kí n wọ̀ nínú Army Reserve?

OmoIjesa_SE15: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tọ́rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ wọ Army Reserve, àwọn ọmọ ogun Britain tó tún ní iṣẹ́ tiwọn níta, èyí táwọn àgbà ṣì ń pè ní TA, infantry gan-an, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, ni mo sì fẹ́, mi ò fẹ́ wa ọkọ̀, mi ò fẹ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, páspọ́ọ̀tì British wà lọ́wọ́ mi, Peckham ni mò ń gbé, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣíìfù sì ni. Mo rí ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́ta: London Guards ní Camberwell, 7 Rifles ní West Ham, 4 PARA ní White City. Ká sòótọ́, fìlà maroon àwọn Para yẹn, àwọn tó ń fi páráṣúùtì bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, ló ń wù mí jù. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

BabaBeji: Àbúrò, gbé ọ̀rọ̀ fìlà tì ná. Mo pẹ́ nínú ẹ̀ kí orúnkún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Eré sísá kọ́ ló ń lé àwọn ọmọ tuntun padà sílé, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tá a fi ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni. Alẹ́ kan lọ́sẹ̀, wíkẹ́ǹdì lóòrèkóòrè, káńpù ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ 27 lọ́dún ni wọ́n máa kà fún ẹ kó o tó gba báúntì, ìyẹn owó ẹ̀bùn ọdọọdún tí wọn kì í yọ owó orí nínú ẹ̀. Láti Peckham, bọ́ọ̀sì 36 á já ẹ sí Camberwell, o fẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn ní Flodden Road. White City ńkọ́, lẹ́yìn ṣíìfù, nínú òtútù January, tòun ti báàgì lẹ́yìn? Mo ti rí àwọn ọmọ tára wọn le ju tèmi lọ, ọ̀nà jíjìn ló dá wọn dúró. Infantry sì ni gbogbo wọn, o ṣì máa lọ Catterick, ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ infantry, fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó kà ẹ́ kún un.

Tunde_Tabs: Bàbá, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Para lọkàn ẹ̀ wà kí ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dá a dúró. Bọ̀dá, dán ara ẹ wò ná. Di báàgì kílò 16, lọ Burgess Park láàárọ̀ Sátidé, kó o yí i ká títí èjìká ẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́. Ní P Company, ìdánwò tí wọ́n fi ń yan àwọn Para, máìlì mẹ́wàá ni pẹ̀lú báàgì bẹ́ẹ̀ àti ìbọn, láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50, ìyẹn gan-an kọ́ ló le jù, ẹ ṣì máa jọ gbé òpó igi sáré. Tó o bá ṣe é tó tún ń wù ẹ́, lọ.

SistaKemi: Ẹ jẹ́ ká sọ ti mánéjà ẹ̀ náà. Tí ìjọba bá pè ẹ́ lọ sójú ogun, òfin 1985 ò jẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ṣùgbọ́n òfin ò fi dandan mú wọn láti yọ̀ǹda ẹ fún káńpù. Bá wọn sọ ọ́ kó o tó buwọ́ lùwé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ.

Lekan_Rifles: Tó o bá fẹ́ràn kí nǹkan yára, wá sọ́dọ̀ wa ní Rifles, ìgbésẹ̀ 140 la fi ń rìn láàárín ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ má fojú kéré Camberwell o, ilé yẹn làwọn London Irish, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ kan, wà, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù síwájú lọ bá àwọn Jámánì ní Loos nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1915, wọ́n ṣì tọ́jú bọ́ọ̀lù náà. Ní kí wọ́n fi hàn ẹ́.

OmoIjesa_SE15: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti bá mánéjà sọ ọ́, ó ní òun máa wò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ màá yọjú sí Camberwell, màá sì gbìyànjú báàgì yẹn náà. Bàbá, ṣé kí n ti ra bàtà ṣọ́jà sílẹ̀ ni?

BabaBeji: Má náwó ẹ. Wọ́n á fún ẹ ní bàtà. Bàtà ìsáré tó dáa ni kó o rà, kó o sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́la.