Èsì lórí “cornerback”: ṣé Colts ra Gardner ni, àbí wọ́n kó èsúsú ṣáájú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àtúnṣe èdè wa.

Mo ti ń ka lẹ́tà yín bọ̀ láti ìjẹrin láì dá sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ti ń yún mi. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan n’Íbàdàn ló ń tú àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan, Sauce Gardner, ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹgbẹ́ New York Jets yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Indianapolis Colts. Colts jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ wọn láti yan ọmọ tuntun ní ìpele kìn-ín-ní lọ́dún 2026 àti 2027, wọ́n sì fi ọ̀dọ́ kan tó ń hán bọ́ọ̀lù, Adonai Mitchell, lé e. Àwọn kan nínú olólùfẹ́ Colts ní kò sóhun tó dáa tó o. Àwọn kan ní oúnjẹ àwọn ọmọ ni wọ́n kó jẹ yẹn. Àbúrò wa wá kọ ọ́ pé “Colts ra Gardner.” Ẹ̀gbọ́n wa ní New Jersey, ẹni tó ti ń jìyà lọ́wọ́ Jets kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, fèsì pé “rà” kọ́. Kí a tó mọ̀, ìjà ti dé orí orúkọ tí a ó máa pe ipò tí Gardner ń gbá, ìyẹn “cornerback”: ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá kí ọ̀tá má baà hán bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

“Rà” ni kí n kọ́kọ́ mú. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò wa ti mú un mọ́ wa létí: “Chelsea ti ra ọmọ náà”, “wọ́n ti tà á fún Arsenal”. Ẹnikẹ́ni kì í bínú, torí owó ni wọ́n kà sílẹ̀ lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń gbé fúnra wọn, tàbí ẹ̀tọ́ láti yan nínú àwọn ọmọ tó ń ti yunifásítì bọ̀. Ìwé àdéhùn agbábọ́ọ̀lù náà á sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e dé ilé tuntun. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni Gardner fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́rin tuntun pẹ̀lú Jets, iye tó wà nínú rẹ̀ lé ní 120 mílíọ̀nù dọ́là. Oṣù mẹ́rin kò pé tí gbèsè ìwé yẹn di ti Colts. Bí kò bá sì sí gbólóhùn tó dè wọ́n lọ́wọ́ nínú ìwé, wọn ò ní láti bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ lọ.

Èyí tó ká Ẹ̀gbọ́n wa lára gan-an nìyẹn. Ó ní òun ò lè máa gbé ní Amẹ́ríkà kí òun tún fọwọ́ ara òun kọ ọ́ pé “wọ́n ta” ọmọ aláwọ̀ dúdú. Àbúrò wa dáhùn pé àṣejù nìyẹn, pé Yorùbá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, ibi tí kálukú jókòó sí ló yàtọ̀. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà ti gbọn eruku àtijọ́ dànù lára. Ní etí ẹni tó wà ní ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń na bàbá ńlá ènìyàn sókè fún oníbàárà, eruku yẹn ò tíì kúrò.

Àwọn tó wá dábàá “pàṣípààrọ̀” rò pé àwọn ti rí ọ̀nà àbáyọ. Èmi ò gbà. Gbogbo wa la kà á níléèwé pé kí owó tó dé, òwò pàṣípààrọ̀ là ń ṣe: o gbé iṣu wá, mo bu iyọ̀ fún ọ. Ìwọ rí iyọ̀ mi, èmi rí iṣu rẹ, a sì yà. Kí ni Jets rí lọ́wọ́ Colts lọ́jọ́ náà yàtọ̀ sí Mitchell? Iṣu ọdún tó ń bọ̀ àti iṣu ọdún tó tẹ̀ lé e, tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ebè rẹ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní pàṣípààrọ̀ ti fi apá tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún òǹkàwé.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni èsúsú. Ènìyàn mẹ́wàá dá a jọ, ẹni tó kó o ṣáájú gbé owó ńlá lọ ilé lóṣù kìn-ín-ní, ó fi kan òrùlé. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù, gbígbé owó wá ni tirẹ̀, kò tún sí kíkó mọ́. Ohun tí Colts ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́: wọ́n kó tọdún 2026 àti 2027 ṣáájú. Ṣùgbọ́n èsúsú tiwọn yìí tún ní oró kan nínú. Ẹgbẹ́ 32 ló wà, ẹni tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù burú jù lọ ni wọ́n ń fún láǹfààní láti kọ́kọ́ yan. Ẹ̀tọ́ tí o ti fi lélẹ̀, bí ọdún rẹ bá ṣe ń burú sí i ni ó ń níyì sí i lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ẹ wo gbèsè tó ń wú bí ajigbèsè bá ń ṣàìsàn! Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ fi ń ja ìjà náà kíkankíkan, tí “rà” kò sì lè gbé e. Ẹni tó bá gbọ́ “rà” á rò pé wọ́n ti sanwó tán.

Ẹ̀rí wà fún tọ̀tún tòsì. Àwọn tó fara mọ́ Colts máa ń dárúkọ Jalen Ramsey, cornerback bíi Gardner. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, Los Angeles Rams gbé àṣàyàn (ẹ̀tọ́ láti yan ọmọ tuntun) ìpele kìn-ín-ní ọdún 2020 àti 2021 fún ẹgbẹ́ Jacksonville láti gbà á, wọ́n tún fi ti ìpele kẹrin kan lé e lórí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2022, Rams na Cincinnati ní 23 sí 20, wọ́n gba Super Bowl, ife àṣekágbá ọdún. Nígbà tí wọ́n ń yọ̀ káàkiri ìgboro, ọ̀gá tó ń ṣètò agbábọ́ọ̀lù wọn wọ ẹ̀wù kan tó fi bú gbogbo ohun tó ń jẹ́ àṣàyàn. Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀wù náà kì í ṣe èyí tí mo lè tú níwájú àwọn ìyá wa tó wà níbí. Jacksonville ńkọ́? Wọ́n fi méjèèjì yan K’Lavon Chaisson àti Travis Etienne, Ramsey sì ti wọ òrùka àwọn tó gba Super Bowl kí Etienne tó gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn á rán ọ létí Darrelle Revis, cornerback tí òun náà jẹ́ ọmọ Jets. Lọ́dún 2013, Tampa Bay fi àṣàyàn ìpele kìn-ín-ní ọdún náà gbà á, pẹ̀lú òmíràn fún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó gbá sáà kan péré fún wọn, wọ́n borí nínú ìdíje mẹ́rin, wọ́n fìdí rẹmi nínú méjìlá, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ọdún kejì ló bá New England gba Super Bowl. Tampa kó èsúsú ṣáájú, ilé aládùúgbò ni òrùlé náà balẹ̀ sí.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá fún àbúrò wa ni “fi … gba”: “Colts fi àṣàyàn ọdún méjì gba Gardner lọ́wọ́ Jets.” Kò ta ẹnikẹ́ni, kò ra ẹnikẹ́ni, ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ sì wà lójú òǹkàwé. Bí gbólóhùn bá fẹ́ gbóná, “wọ́n kó èsúsú ọdún méjì ṣáájú” wà ńlẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé “àṣàyàn” ni mo ń kọ. Àbúrò wa kọ́kọ́ kọ “ẹ̀tọ́ ìyàn”. Mo mọ̀ pé láti ara “yàn” ló ti mú un, ṣùgbọ́n iyán ń bẹ, iyàn ń bẹ, ìyàn tó ń mú ìlú náà ń bẹ. Ẹni tó bá kà á lójú fèrè á rò pé ẹ̀tọ́ láti jẹ ebi ni. Ẹ̀gbọ́n wa ní New Jersey ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún Jets, pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀: oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969 ni wọ́n gba Super Bowl kan ṣoṣo tí wọ́n ní, láti sáà 2010 ni wọn ò sì tíì dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ mọ́.

Ó kù orúkọ ipò náà. “Ẹ̀yìn-igun” tí ẹnìkan dábàá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yìn igun ilé ni ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé “Ẹ má tọ̀ síbí.” “Aṣọ́gun” sàn díẹ̀, àmọ́ bí “ṣọ́” bá ti gbé fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ “igun” mì, ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá “igun” ni tàbí “ogun”? Bí ẹ bá sì fi fáwẹ́lì náà sílẹ̀, ohùn kan péré ló kù kí ó di ẹni tó ń ṣọ́ igún.

Ìyá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú èyí tó dùn mọ́ mi jù wá: “èèmọ́”. Ẹni tó bá ti ti oko bọ̀ rí mọ̀ ọ́n, koríko tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, tí o bá já ọ̀kan, méjì á wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ cornerback sì nìyẹn: kí ẹni tó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù má rí ibi sá lọ. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni mo rántí fóònù wa tí kì í fi àmì sí ohunkóhun. Ẹ fa ohùn ìparí sílẹ̀ lásán, ó di “Colts fi àṣàyàn ọdún méjì gba èèmọ̀”! Olólùfẹ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n gbé Gardner wá á sì ní, ẹ ṣeun, ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Ohùn nìkan kọ́ ló ṣe mí tí mi ò fi gbà á tán. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn. Richard Sherman, cornerback mìíràn, nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Seattle, kì í sábà tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni káàkiri. Apá òsì ni tirẹ̀, ẹni tó bá rìn wọ ibẹ̀ ni yóò bá a jà. Ìyẹn kì í ṣe èèmọ́, oníbodè ni. Ibi tí mo ti ń ro èyí ni ètò ogun àwọn baba wa ti wá sí mi lọ́kàn: Balógun láàárín, Ọ̀tún ní ọwọ́ ọ̀tún, Òsì ní ọwọ́ òsì. Igun tí Òyìnbó ń wí, àwa ti ní orúkọ fún un tipẹ́. Ọ̀yọ́ sì ní àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn jagunjagun tí wọ́n ń sọ nípa wọn pé Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ẹ wo cornerback lórí pápá: bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló ń rìn, ojú rẹ̀ kọ ọ̀tá, torí pé ìtìjú rẹ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ramsey pàápàá jẹ ọfà ẹ̀yìn nínú Super Bowl tí mo sọ yẹn: ìgbà tí apá kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Tee Higgins gba bọ́ọ̀lù kọjá rẹ̀, ó sáré dé ilé. (Ó di ìbòjú akoto Ramsey mú kó tó kọjá, adájọ́ ò rí i. Ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

“Ẹ̀ṣọ́ ọ̀tún” àti “ẹ̀ṣọ́ òsì” ni mo fara mọ́, “ẹ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́” fún àwọn méjèèjì lápapọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì sábẹ́ “s” inú “òsì”, kí ọmọ olówó má baà di ẹ̀ṣọ́ òṣì. Èèmọ́ Ìyá wa kò gbọdọ̀ ṣòfò o: oríkì ni kó jẹ́ fún irú Revis tó ń lẹ̀ mọ́ ẹni kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù náà máa ń pe ibi tó bá wà ní erékùṣù Revis, pé ẹni tó bá bọ́ síbẹ̀ ti dá wà, kò sí olùrànlọ́wọ́. Ẹ má tú ìyẹn bẹ́ẹ̀ fún ará Èkó. Erékùṣù tó mọ̀, èrò ń wọ́ níbẹ̀ ni. “Kónílé-ó-gbélé” ló yẹ ẹ́. Láti ọdún 2020, kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bó ṣe rí kí wọ́n ti ilé mọ́ ènìyàn: “Revis fi òfin kónílé-ó-gbélé de ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.”

Ìbéèrè àbúrò wa kan ló kù tí mi ò rí ẹni dáhùn. Nígbà tí wọ́n bá kó ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn (cornerback àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú wọn) márùn-ún sórí pápá, orúkọ owó ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún, “nickel”, ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá pé mẹ́fà, wọ́n á pè é ní orúkọ owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá, “dime”, èyí tí ìṣirò rẹ̀ kò tilẹ̀ bára mu. Níhìn-ín àwa la borí wọn: sísì ni kí a pe ti ẹlẹ́ni mẹ́fà, kọ́bọ̀ mẹ́fà géérégé. Ti ẹlẹ́ni márùn-ún ló kù. Tọ́rọ́ kéré, ṣílè pọ̀ jù. Ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ ná owó ayé àwọn Òyìnbó, ǹjẹ́ orúkọ kan wà láàárín wọn?