Èsì lórí "ìṣàkóso aládàáṣe fún ìdàrú àmì": ìwọ́ ni, kì í ṣe ìdàrú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìṣàkóso aládàáṣe fún ìdàrú àmì" fún ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín àbùkù kù nínú ẹ̀rọ tó ń sọ àmì (ìgbì iná tó ń gbé ọ̀rọ̀ tàbí ohùn lọ, irú ti rédíò) di alágbára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fara mọ́ "ìṣàkóso" àti "àmì". Ọ̀rọ̀ méjì yòókù ni n kò lè gbà.

Ohun tó dàrú kò ní ìlànà. Ariwo tó ń ta sínú rédíò ló rí bẹ́ẹ̀. Àbùkù tí à ń sọ yìí, ara àmì fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde. Àmì kékeré wọlé, ẹ̀rọ sọ ọ́ di ńlá déédéé. Àmì ńlá wọlé, agbára ẹ̀rọ kò ká a mọ́, orí ìgbì bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ìgbì 100 MHz àti 101 MHz (MHz kan ni mímì mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan) bá jọ wọlé, ẹ ó rí 99 àti 102 tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀, wọ́n á sì máa dí ìgbì tó wà nítòsí lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣírò: ìlọ́po méjì 100, yọ 101 kúrò, ó ku 99; ìlọ́po méjì 101, yọ 100 kúrò, ó ku 102! Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìwọ́" wá. Alágbẹ̀dẹ tí irin rẹ̀ wọ́ sápá ọ̀tún, apá òsì ló máa tẹ̀ ẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe: kí àmì tó wọlé, wọ́n á ti mú un wọ́ sí òdìkejì, kó lè jáde ní títọ́. Mo pe ìyẹn ní "àtètèwọ́". "Àtètèdàrú" kò lè yé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé "wọ́" tún jẹ́ fífa nǹkan nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tó bá yí i ká á fi ìyàtọ̀ hàn.

Ó ku "aládàáṣe". Lọ́dún 1923, Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ronú ọgbọ́n kan láti dín ìwọ́ kù: yọ ìwọ́ jáde lọ́tọ̀, kí o sì fi í pa ìwọ́ tó wà nínú àmì rẹ́. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, ẹnìkan gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n iná ẹ̀rọ náà ṣe kó tó lè wà déédéé. Lọ́dún 1927 ó ronú kan ìdápadà: dá díẹ̀ padà lára ohun tó jáde, kí o yọ ọ́ kúrò lára ohun tó ń wọlé. Ìyẹn ń dá ṣiṣẹ́, aládàáṣe ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló ń tẹ̀ lé láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí à ń wá orúkọ fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ń mú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń gbó, ìwọ́ rẹ̀ ń yí padà. Ọgbọ́n yìí á máa fi ohun tó jáde wé ohun tó wọlé, á sì máa tún ìlànà ara rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ìyàtọ̀ á fi kéré. Iṣẹ́ ẹni tó ń jí tún iná ṣe fún Black ló gbà ṣe. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ìwà yìí: bí ìgbà bá yí, a máa ń bá ìgbà yí. "Abágbàyí" ni mo mú, kì í ṣe "abágbàmu", tó ti di ti ohun ìgbàlódé.

Fún ẹ̀rọ náà, ẹ jẹ́ ká fi "agbóhùnsókè" sílẹ̀, torí ohùn kọ́ ló ń gba orí òpó rédíò kọjá. "Amámìlágbára" tẹ́ mi lọ́rùn.

Àbá mi nìyí: "ìṣàkóso abágbàyí fún ìwọ́ àmì". Kí ẹni tó bá ní orúkọ tó dán mọ́rán fún àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń yí padà bó ṣe ń kọ́ṣẹ́ gbé e wá, nítorí wọ́n máa ń jẹ yọ nínú gbogbo ìṣirò rẹ̀, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó dùn létí mi.