Mo fẹ́ fi irin afọ́gíláàsì sí ìdí ọ̀bẹ Mora mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aṣọ́gbó J4

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Inú igbó Ọmọ, lápá Ìjẹ̀bú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀bẹ kì í sì í kúrò ní ìbàdí mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mora Companion ni mò ń lò, àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti Sweden. Kò wọ́n rárá, àmọ́ ó mú, ó fúyẹ́, èèkù rẹ̀ kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́ bí òjò bá ń rọ̀.

Corolla tòkúnbọ̀ ni mo ń wà. Nígbà òjò tó kọjá, àgbàrá kà mí mọ́ ojú ọ̀nà, omi dé ìdajì ilẹ̀kùn, gíláàsì tó ń fi iná ṣí sì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin kan ló bá mi ti ọkọ̀ náà jáde. Látìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé kí n fi irin ṣóńṣó kan sí ìdí èèkù ọ̀bẹ yìí, tí màá fi fọ́ gíláàsì bí ọ̀rọ̀ bá di kàráǹgídá. Ṣé ó ṣeé ṣe láìba ọ̀bẹ jẹ́? Irin wo ni kí n lò?

Wẹ́dà Ògbómọ̀ṣọ́

Kò le rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ìṣó kọnkéré, ẹ gé orí rẹ̀ dànù, ẹ pọ́n ọn kó ṣóńṣó. Ẹ lu ihò sí ìdí èèkù, kí ẹ fi Araldite lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti gan.

Onígíláàsì Ládípọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Ládípọ̀, ẹ̀mí èèyàn ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo igun gíláàsì ilẹ̀kùn yín nísàlẹ̀, ẹ óò rí ìkọ̀wé kékeré níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Tempered ni wọ́n kọ, wọ́n mú gíláàsì yẹn gbóná gan-an, wọ́n wá fi atẹ́gùn tù ú lójijì, ni òde rẹ̀ fi há pinpin tí inú rẹ̀ sì ń fa ara rẹ̀. Tí ohun líle bá ti lè já òde yẹn níbì kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ òkúta. Bó bá jẹ́ Laminated, gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ọ̀rá líle sì wà láàárín wọn. Ẹ lù ú títí, yóò kàn sán ni, kò ní ṣí ọ̀nà fún yín. Irú rẹ̀ ni gíláàsì iwájú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun sì ti ń lò ó sí ilẹ̀kùn báyìí. Lọ́dún 2019, AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, dán irinṣẹ́ ìfọ́gíláàsì mẹ́fà wò. Mẹ́rin fọ́ tempered. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ráyè gba inú laminated kọjá. Torí náà, ẹ mọ fèrèsé tí ẹ ó gbà jáde kí ẹ tó máa wá ohun tí ẹ ó fi lù ú.

Ìṣó kò le tó. Tungsten carbide ni kí ẹ wá. Ó wà lẹ́nu irin dírìlì tí wọ́n fi ń lu kọnkéré, ó sì wà lẹ́nu irin bíi bírò tí àwọn tó ń to táìsì fi ń fa ìlà. Òkúta fáìlì lásán kò lè pọ́n ọn dáadáa, àfi aláwọ̀ ewé tàbí ti dáyámọ́ńdì. Ẹ bo imú yín o, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọ̀rọ̀ Araldite ńkọ́? Polypropylene ni wọ́n fi ṣe èèkù Companion lábẹ́ rọ́bà yẹn, Araldite kì í sì í di ike yẹn mú. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an ni yóò já. Bóòtù ló dára jù. Irin ọ̀bẹ náà kò gùn dé ìparí èèkù, ààyè wà lẹ́yìn tí ẹ lè lu. Ẹ jẹ́ kí ihò náà fún díẹ̀ ju bóòtù lọ, kí eyín bóòtù lè gé ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i wọlé. Lórí bóòtù yẹn ni kí wọ́n ti fi idẹ jó tungsten mọ́, kó tó dé ara ọ̀bẹ rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀bẹ: ike á yọ́, irin á rọ̀, kò sì ní mú mọ́.

Inú àkọ̀ ni kí ọ̀bẹ wà tí ẹ bá ń lu gíláàsì, kí ẹ di àkọ̀ náà mú pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi ìdí ọ̀bẹ ìhòòhò lu fèrèsé nínú òkùnkùn, ara òun fúnra rẹ̀ àti ti ẹni tó jókòó tì í ló ń fi wewu. Igun ni kí ẹ lù, kì í ṣe àárín.

Tèmi ni pé kí ẹ ṣe é fún igbó bó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ ra irinṣẹ́ kékeré onísípíríìnì fún ọkọ̀, kí ẹ so ó mọ́ ibi tí ọwọ́ yín lè tó láti orí ìjókòó. Bí omi bá ti kún inú ọkọ̀, apá kì í ráyè fì mọ́. Èyí tó ní sípíríìnì, títẹ̀ lẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.

Wẹ́dà Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ yín yé mi, ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì. Aṣọ́gbó, bí ẹ bá rí tungsten náà, mo lè bá yín fi idẹ jó o mọ́ bóòtù.

Àdùkẹ́ Leeds

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú ọba bíi tèmi, ẹ má fi irú ọ̀bẹ yìí sínú mọ́tò o. Òfin ọdún 1988 kò gbà kí èèyàn mú ọ̀bẹ tí kì í ṣẹ́po dání ní gbangba láìní ìdí gidi, “bóyá mo lè nílò rẹ̀” kì í sì í ṣe ìdí lójú wọn. Irinṣẹ́ onísípíríìnì yẹn ni kí ẹ rà.

Aṣọ́gbó J4

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti lọ wò ó. Tempered ni wọ́n kọ sára mẹ́ta, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ti iwájú lápá ọ̀tún kí n tó ra ọkọ̀ náà, kò sì sí ìkọ̀wé lára rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ irú èyí tó jẹ́?

Onígíláàsì Ládípọ̀

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí etí rẹ̀ lókè. Bí ẹ bá rí ìlà tínínrín tó la àárín rẹ̀ já, laminated ni. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láìní ìlà, tempered ni.