Ṣé À Ń Jó Àwo Ni, tàbí À Ń Fín In?

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ fèsì sí: èkíní ni pé kí a máa pe 'driver' inú kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀rọ kan, ní awakọ̀, èkejì sì ni pé kí a máa pe 'burn', ìyẹn fífi orin tàbí fáìlì sórí CD, ní jíjó. Ẹni tó dá àbá náà ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, nítorí pé mo ti fi wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ gidi fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì já mi kulẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ tó ń lo Windows 7. Wọ́n yọ ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe CD kúrò lórí rẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún un tàn, ni ẹ̀rọ àwo, ibi tí à ń ki CD sí, bá pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Nínú Device Manager, ibi tí Windows to orúkọ àwọn ẹ̀rọ ara kọ̀ǹpútà sí, àmì ìyanu aláwọ̀ ìyeyè ti jókòó ti orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú kóòdù 39, èyí tó ń sọ pé Windows kò rí 'driver' náà gbé wọlé, pé ó lè ti bàjẹ́ tàbí kó ti sọnù. Mo lo awakọ̀ fún wọn lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ó ní awakọ̀ yín lè ti sọnù." Wọ́n ní àwọn kò gba awakọ̀ rí, àwọn fúnra àwọn ni àwọn ń wa mọ́tò àwọn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ náà ni.

Ọkọ̀ ni à ń wà, ọkọ̀ a sì máa gbé ènìyàn láti ibì kan dé ibòmíràn. 'Driver' kò gbé ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ yí àwo, nítorí mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ ló ń yí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó gbọ́ èdè Windows, ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ, ó sì ń bá àwọn méjèèjì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni atọ́kùn eégún, tó ń túmọ̀ ohùn eégún fún ará ọjà, tó sì ń darí eégún gba ọ̀nà tó yẹ. Ògbufọ̀ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ kì í tọ́ni sọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ eégún ni, kó rántí pé atọ́kùn ti jáde nínú igbó ìgbàlẹ̀ tipẹ́, òun ni à ń pe olóòtú ètò orí rédíò.

Bí mo ṣe mú atọ́kùn wọlé ni àlàyé bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹ̀gbọ́n mi. Atọ́kùn ẹ̀rọ àwo, cdrom.sys, Windows ló ni ín, kò sì sọ nù rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ètò tí a fi ń ṣe CD a máa gbé asẹ́ ('filter'), ètò kékeré tí ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ atọ́kùn, wọn a sì kọ orúkọ asẹ́ náà sínú Registry, ìwé àkọsílẹ̀ ètò Windows, lábẹ́ Class (ẹ̀ka ẹ̀rọ) tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4D36E965, sí ibi tí a pè ní UpperFilters àti LowerFilters. Nígbà tí wọ́n yọ ètò náà, ó kó asẹ́ rẹ̀ lọ, ó gbàgbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Windows wá ń pe ẹni tí kò sí nílé, nígbà tí kò sì gbọ́ ìdáhùn, ó kọ gbogbo wọn. A ṣe ẹ̀dà ibẹ̀ pamọ́ ná, a pa UpperFilters àti LowerFilters rẹ́, a tún ẹ̀rọ tàn, ẹ̀rọ àwo sì padà.

Ti jíjó ló le jù. Lédè wa, ẹ̀rọ tó bá ti jó ti kú nìyẹn. Bí oníbàárà bá sọ pé "ẹ̀rọ mi kò jó mọ́," ṣé kò lè ṣe CD mọ́ ni, àbí iná kò ràn án, àbí ijó ló ń retí pé kó jó? Mo mọ̀ pé ooru wà níbẹ̀ lóòótọ́: iná lésà tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 780 nánómítà ló ń gbóná mọ́ aró tí wọ́n kùn sínú CD-R, àwo òfìfo tí a lè fi nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ibi tó bá sì ti gbóná kò ní dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n eérú dà? Àwọn ará Jámánì náà ń sọ pé àwọn ń jó o, àwọn ló sì ṣe Nero Burning ROM, ètò tí a fi ń ṣe CD, tí orúkọ rẹ̀ ń fi ọba Nero àti iná tó jó Róòmù ní ọdún 64 ṣe àwàdà. Àwàdà tiwọn nìyẹn. Ní ti èdè Faransé, 'graver' ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni pé wọ́n ń fín in, àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣakété ní orílẹ̀-èdè Benin tí wọ́n fi Faransé kàwé yóò sì gbà á láìjanpata.

Fín ni mo yàn, bí a ṣe ń fín igbá. Ó jẹ́ kí a lè ya àwo títẹ̀, tí ilé iṣẹ́ fi òǹtẹ̀ tẹ̀ láìsí lésà, sọ́tọ̀ kúrò lára àwo fínfín tí a ṣe nílé. Ó tún bá ìmọ̀ràn mu: bí àwo bá ń bàjẹ́ ṣáá lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ dín eré kù, ẹ rọra fín in. Lórí àwọn ẹ̀rọ ìgbà tí ìdáàbòbò lọ́wọ́ ìdádúró kò tíì dé, bí fáìlì kò bá tètè dé ọ̀dọ̀ lésà, ọwọ́ dúró lójú iṣẹ́ nìyẹn, àwo ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà 'kọ' kò tó mi, nítorí pé bí mo bá ní "ó kọ orin sórí àwo," olórin ni ẹ ó rò pé mò ń sọ.

Mo gbà pé fín kò bá CD-RW mu tán, torí pé igbá tí a ti fín kò ṣeé dán padà, àwo yẹn sì ṣeé pa rẹ́. Mi ò sì bá àwọn ọmọ Computer Village ní Ìkẹjà jà tí wọ́n bá ń sọ pé "bá mi bọ́ọ̀nù ẹ̀". Inú ìwé ni mo fẹ́ fi fín sí.

Èyí tó kù tí ó ń yọ mí lẹ́nu ni 'finalize', ìgbésẹ̀ ìkẹyìn tó jẹ́ pé bí a kò bá ṣe é, ẹ̀rọ orin inú mọ́tò àtijọ́ kò ní ka àwo náà. Títì kò dára, ó jọ pé a fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo ń rò ó pé kí a ní a dé àwo ní ọmọrí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó sọ ọ́.