Èsì lórí "iyì àbínibí": ẹ jẹ́ ká wo ìkanisí

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè, ẹ kú ìjókòó o.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: kí la ó máa pe ohun tó wà lára ènìyàn tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ́ nílẹ̀, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ alágbàṣe? Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "iyì àbínibí". Ẹlòmíràn ní kí a má wulẹ̀ dààmú, pé òkè nìkan ni ọ̀wọ̀ Yorùbá ń lọ, láti ọ̀dọ̀ ọmọdé sí àgbà, pé a ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kejì yìí ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú díẹ̀. Ìyàwó tó bá wọ ilé ọkọ kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bí ọmọ náà ò tiẹ̀ tíì pé ọdún méjì. Ọkọ rẹ̀ ni. Yóò wá ìnagijẹ fún un: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ ọwọ́ láàárọ̀ ń kì í ní Àjọkẹ́, ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́. Ṣé òkè ni ọ̀wọ̀ yẹn ń lọ? (Mo mọ̀ pé a tún ń gbá ọmọ létí. Mi ò sọ pé a pé.)

Ó wá ku iyì. Iyì ò burú. Òun náà ni wọ́n fi túmọ̀ Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948: "Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira, iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba." Ó dùn-ún gbọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí iyì ń ṣe lẹ́nu wa. Iyì a máa wọmi. Owó a mú un wá, ìṣẹ́ a gbé e lọ. Aṣọ níyì, mọ́tò níyì. Ohun tí ojú rí ni, àwọn àgbà ò sì tan ara wọn jẹ níbẹ̀: ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ẹ bá so "àbínibí" mọ́ ọn, ẹ kàn fi okùn so ẹyẹ mọ́gi ni. Ó ṣì fẹ́ fò.

Ìlú wa níbí ti rí i rí. Láti 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin l'Ábẹ́òkúta, àwọn agbowó-orí a sì máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń san án. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi sọ èyí. Ta ni yóò ní iyì ọmọ yẹn ló wọmi? Ẹnu ò gbà á. Ìwọ̀sí la ó pè é, àbùkù ibẹ̀ sì di ti ẹni tó tú aṣọ. Ọmọ náà ṣì ṣẹ́ kù síbẹ̀ lódidi, ohun tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an la ò lórúkọ fún.

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta dìde ní 1946, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló ṣíwájú wọn. Obìnrin tó kàwé dé Ìlú Ọba yìí pa gáùn tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, kí ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà má baà rò pé òun ò tó o bá jókòó. Wọ́n bá owó orí yẹn jà títí, ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ààfin lẹ ti mọ̀. Gáùn yẹn lèmi ń lọ sí. Ó kà wọ́n sí.

Kà sí! Ìṣe tí mo ń wá nìyẹn. "Ó kà mí sí." "Wọn ò kà wá sí." "Kò ka ara rẹ̀ sí, ta ni yóò bá a kà á sí?" Ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ara ẹni àti ẹlòmíràn, kò bèèrè ọjọ́ orí, kò bèèrè aṣọ. Bí a ṣe rí ìrínisí nínú rí-ni-sí, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe rí ìkanisí nínú kà-ni-sí. Òwe ti la ọ̀nà fún un tipẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ń gbọ́ ìkà nínú rẹ̀. Rárá o. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ìkà. Ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ jáde níbí, ìka ò sì ṣe wá ní nǹkan.

Mo gbé e dán wò ní ọjà Ìtọ́kú lọ́dọ̀ ìyá aládìrẹ kan tí mo jẹ́ oníbàárà rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ìkanisí ọjà yìí ńkọ́?" Ìyá gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń ká.

"Ta ni ò kà ẹ́ sí, ọkọ mi?"

Mi ò ṣàlàyé kankan fún un, ó sì yé e. Àmọ́ ẹ̀sùn ló kọ́kọ́ gbọ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ṣì ń kọ mí lóminú. Bẹ́ẹ̀ ni ti ara ẹni náà ò tíì dán lẹ́nu: "ìkara-ẹni-sí" gùn jù, "ìkarasí" sì jọ orúkọ àìsàn. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.