Lẹ́yìn ọdún 33 nínú kíláàsì, ṣé kí n fi ọdún méjì kún un ni àbí kí n máa lọ sílé?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún 33 ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni mo sì lò ní kíláàsì kìíní, níbi tí ọmọ ti ń wọlé láì lè di pẹ́ńsù mú dáadáa, tí yóò sì ti máa dá ka gbólóhùn kí ọdún tó parí. Ó ku oṣù mẹ́jọ kí n fẹ̀yìntì. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọdún méjì kún un, nítorí pé àwọn olùkọ́ tí kì í sá fún kíláàsì kìíní kò pọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Kí n má purọ́ fún yín, ó jàre mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa ni ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ti gba tábìlì ìjẹun lọ́wọ́ wa. Ọmọ 38 ló wà ní kíláàsì mi, ìwé méjì ni mo sì ń máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójúmọ́. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé kan, ó ti di wákàtí méjì àbọ̀, n kò sì tíì fọwọ́ kan ìmúrasílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Láìpẹ́ yìí ni àbígbẹ̀yìn mi, tí òun náà ti di ìyá ọmọ, sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, òun a máa nawọ́ sókè nílé kí òun tó bá mi sọ̀rọ̀, nítorí òun ti ṣàkíyèsí pé àwọn tó bá nawọ́ ni mo máa ń dá lóhùn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Èmi kò rí ẹ̀rín rín.

Ohun méjì ni mo fẹ́ràn láti máa fi ọwọ́ mi ṣe: òwú híhun àti ọgbà. Súwẹ́tà kan wà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló kù kí ó parí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti pé ọdún méje, orí rẹ̀ kò sì lè gba ọrùn aṣọ náà kọjá mọ́. Ní ti ọgbà, ìgbà ìsinmi nìkan ni mo ń gbìn ín, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá fi máa dé ìdajì, koríko ti gba gbogbo rẹ̀. Láfikún, láti ọdún tó kọjá, ohùn mi máa ń há kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ tó ti ń pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù mélòó kan bá ṣàdédé so wọ́n pọ̀, tó sì gbójú sókè wò mí bí ẹni tó rí nǹkan he, n kò mọ ohun tí n ó fi rọ́pò ojú yẹn nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì:
Àbúrò mi, oṣù kìíní lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì dùn mọ́ mi púpọ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ ní agogo márùn-ún ìdájí, tí n kò sì ní ibì kankan láti lọ. Ní 5 oṣù kẹwàá ọdún náà, tí í ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ Lágbàáyé tí UNESCO dá sílẹ̀ ní 1994, fóònù mi kò sinmi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, kò dún rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ híhun àti ọgbà yẹn nísinsìnyí tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹni tó bá fẹ̀yìntì láìsí ohun tó ti mọ́ ọn lára, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ olùkọ́:
Mà á, ìyá mi mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ẹ má bi àwọn ọmọ yín bóyá kí ẹ dúró tàbí kí ẹ lọ, nítorí wọn yóò sọ pé kí ẹ ṣe bí ó bá ti wù yín, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà nínú wọn. Ẹ pè wọ́n wá sílé ní ọjọ́ tí kò sí ìwé kankan lórí tábìlì.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùtọ́jú ohùn:
Ẹ kú iṣẹ́, mà á. Ti ohùn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Okùn ohùn obìnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi wákàtí iṣẹ́ yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tó ń há léraléra, ẹ jẹ́ kí dókítà etí, imú àti ọ̀fun wò ó. Kí ó tó dìgbà yẹn, ẹ máa mu omi, ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá kọjú sí pátákó, ẹ má sì rò pé sísọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ń sinmi ohùn, nítorí ó lè ni ín lára ju ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ tuntun:
Ìyá wa, ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá le. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè kọ́ kíláàsì kìíní, ọdún méjì náà kò ní yanjú rẹ̀. Ibi tí ẹ bá a ni ẹ ó ti fi í sílẹ̀. Ohun tí àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nílò ni kí ẹni kan jókòó tì wá, kó fi hàn wá bí a ṣe ń mú ọmọ kúrò lórí pípe “b” àti “a” lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bọ́ sórí “ba”, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń há. Ẹ fi ọdún yín sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ iṣẹ́ yín lé wa lọ́wọ́.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dá ọgbà:
Ẹ da ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ kó nípọn, koríko kò ní rí ìmọ́lẹ̀ hù. Ní ti súwẹ́tà, ẹ tú u, kí ẹ sì fi òwú náà hun tuntun.

Ẹni tó béèrè padà wá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tuntun yẹn dùn mí fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òótọ́ ni. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé n kò ní fi ọdún kankan kún un, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn tí mo bá fẹ̀yìntì, n ó máa wá ní òwúrọ̀ méjì lọ́sẹ̀ fún sáà kan, kí n jókòó ti ẹni tó bá gba kíláàsì mi. Bàbá àwọn ọmọ ní òun yóò máa ka òwúrọ̀ náà kí ó má di mẹ́ta. Mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun. Ọmọ-ọmọ mi sì bá mi tú súwẹ́tà náà lánàá, òun ló ń fà á, èmi ń ká a, ó sì ní àwọ̀ aró ni kí tuntun jẹ́. Ṣùgbọ́n òwú náà ti lọ́ wérewère. Ta ló mọ bí a ṣe ń mú un nà padà?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń hun òwú:
Ẹ ká a mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ dì í ní ibi mẹ́rin kó má baà lọ́ mọ́ra, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá fi kọ́ síbi òjìji títí tí yóò fi gbẹ.